Àkójọ Àwo Tánganran Ilẹ̀ Japan: Àgbéyẹ̀wò láti Nagoya dé Ìbàràpá

Àwo tánganran tí ilẹ̀ Japan ṣe fún títà sí òkèèrè wà lára ohun èlò ilé tó rìn jìnnà jù lọ ní ọ̀rúndún ogún. Nagoya, Seto àti Arita ni wọ́n ti mọ ọ́n. Ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, Yúróòpù, ilẹ̀ Lárúbáwá àti Áfíríkà. Ó sì wọ kọ́bọ́ọ̀dù ìdílé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú kan Japan rí. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíkó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ ti di iṣẹ́ tó ní ìwé, ẹgbẹ́ àti ọjà tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Èkó títí dé Ìgàngàn ní Ìbàràpá, àwọn ìyá ló kó àwo òkèèrè jọ, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnì kan pè wọ́n ní olùkójọ. Àgbéyẹ̀wò yìí dá lórí ohun tí àwo náà jẹ́, ọ̀nà tó gbà dé, bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó ń gbé iye rẹ̀ ga, àti bó ṣe yẹ kí a tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí tánganran jẹ́

Amọ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní kaolin ni ìpìlẹ̀ tánganran. Wọ́n ń pò ó mọ́ òkúta feldspar àti quartz tí a ti lọ̀ kúnná. Wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sun ún lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á pa omi dídán sí i lára, wọ́n á sì tún un sun nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru yìí ló ń sọ amọ̀ di ohun tó le bí òkúta, tí omi kò lè rin wọ inú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń là kọjá bí ó bá fẹ́lẹ́. Ìkòkò ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Dada àti Òkèléle ní Ìlọrin, kì í rí ooru tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí ilẹ̀ gbangba ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún. Ara rẹ̀ ń mí. Omi díẹ̀díẹ̀ ń jáde láti ara àmù, ìyẹn ló sì ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni oníkálukú wọn wà fún.

Oríṣi kan wà tí wọ́n ń fi eérú egungun màlúù kún amọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún lọ́wọ́ Josiah Spode, àwọn ará Japan sì kọ́ ọ lẹ́yìn náà. Àwo bẹ́ẹ̀ funfun ju ti àtijọ́ lọ, ó fúyẹ́, kì í sì í tètè kán.

Abọ́ páànù tí a pa ní ọ̀dà dídán, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ilé Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe ara àwọn tí a ń sọ yìí. Irin ló wà nínú rẹ̀: òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn, bó bá sì jábọ́, ọ̀dà rẹ̀ ló ń bó, kì í fọ́. Tánganran kì í gba òòfà. Bí a bá fi èékánná ta á létí, ó ń dún gooro. Bí a bá gbé e síwájú iná, òjìji ìka ọwọ́ á hàn lẹ́yìn èyí tó bá fẹ́lẹ́. Ní ìdí rẹ̀, níbi tó fi jókòó, wọ́n sábà máa ń fi òrùka kan sílẹ̀ láìpa omi dídán sí i, amọ̀ funfun á sì hàn níbẹ̀.

Láti Arita dé Nagoya

Ọdún 1616 ni ìtàn Arita máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ọdún tí Yi Sam-pyeong, amọ̀kòkò ọmọ Kòríà tí ogun gbé dé Japan, rí amọ̀ tánganran ní Izumiyama ní erékùṣù Kyushu. Ní àárín ọ̀rúndún yẹn, ogun tó bi ìjọba Ming ṣubú ní Ṣáínà ṣe ìdíwọ́ fún àwo ìlú Jingdezhen níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Hólándì tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ VOC yíjú sí Arita, ní 1659 wọ́n sì béèrè fún àwo tó lé ní 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Èbúté Imari ni àwo ń gbà jáde lọ sí Nagasaki, orúkọ èbúté náà ló sì mọ́ àwo yìí lára ní Yúróòpù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Meissen bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 1710, iṣẹ́ ìdílé Kakiemon láti Arita wà lára ohun tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń wò ṣe tiwọn.

Ọjà tí ó wá kan ilé onílé káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Japan ṣí èbúté rẹ̀ fún òkèèrè ní àwọn ọdún 1850. Ní 1870, onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ Jámánì kan, Gottfried Wagener, kọ́ àwọn ará Arita ní ìlànà ìgbàlódé nípa ọ̀dà àti ààrò. Ní 1873, Japan pàtẹ iṣẹ́ amọ̀ rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Vienna. Ní 1876, Morimura Ichizaemon àti àbúrò rẹ̀, Toyo, dá ilé ìtajà Morimura sílẹ̀. Toyo kọjá sí New York láti máa ta ọjà Japan fún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ọjà náà fi ìṣòro kan hàn wọ́n. Ìkòkò òdòdó àti ife tíì ń tà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fẹ́ jù lọ ni odindi sẹ́ẹ̀tì ìjẹun tí gbogbo àwo rẹ̀ bá ara mu. Pléètì pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 ni òpó sẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, òun ló sì nira jù láti sun, nítorí pé ààrín rẹ̀ máa ń wọ̀ tàbí kí ó yọ gọngọ nínú iná. Ní 1904, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nippon Toki sílẹ̀ ní Noritake, abúlé kan nígbà náà lẹ́bàá Nagoya. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi bá pléètì yìí jà. Sẹ́ẹ̀tì ìjẹun wọn àkọ́kọ́, tí wọ́n sọ ní Sedan, jáde ní 1914. Láti ìgbà náà ni Noritake ti di orúkọ tí ayé fi mọ àwo Japan.

Ìmọ̀ tí wọ́n rí nínú sísun àwo bí ọmọ mìíràn. Ní 1917 wọ́n ya ẹ̀ka tó ń ṣe ohun èlò ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sọ́tọ̀, òun ni TOTO òní. Ní 1919 wọ́n ya ẹ̀ka tó ń ṣe ohun amọ̀ tí wọ́n ń so wáyà iná mọ́ lórí òpó sọ́tọ̀, òun ni NGK. Ní 1936 ẹ̀ka púlọ́ọ̀gì jáde lára NGK. Púlọ́ọ̀gì NGK tí mẹkáníìkì ọ̀kadà ń tú ní Ìgàngàn àti pléètì Noritake tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ ọmọ ilé kan náà, nítorí pé tánganran funfun tó wà lára púlọ́ọ̀gì náà wá láti inú irú ìmọ̀ kan náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kéékèèké wà ní Seto àti ní agbègbè Mino tí wọ́n ń mọ àwo olówó pọ́ọ́kú. Àwòrán títẹ̀ sórí bébà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àwo kí wọ́n tó tún un sun, ló jẹ́ kí àwo olódòdó dínwó. Èyí tí a fọwọ́ kùn ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ń dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Ogun Àgbáyé Kejì dá òwò yìí dúró. Lẹ́yìn 1945, nígbà tí Amẹ́ríkà gba àkóso Japan, tánganran wà lára ọjà àkọ́kọ́ tí ìlú náà tún rí tà. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ra sẹ́ẹ̀tì lọ sílé fún ìyàwó àti ìyá wọn. Láti àwọn ọdún 1950 sí 1970, àwo Japan gba ọjà ayé. Láti àwọn ọdún 1970, Noritake bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo ní Sri Lanka àti Philippines pẹ̀lú. Nígbà tí owó yen lágbára lẹ́yìn 1985, àwo tí a ṣe ní Japan gan-an wọ́n sí i, Ṣáínà sì gba ipò rẹ̀ lọ́jà.

Ọ̀nà tí àwo òkèèrè gbà dé ilẹ̀ Yorùbá

Kí àwo Japan tó dé, àwo òkèèrè ti mọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó gbẹ́ ilẹ̀ Savi nítòsí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, àti Elmina ní Ghana, rí àfọ́kù àwo tí àwọn oníṣòwò òkèèrè kó wá ní àsìkò òwò ẹrú. Ibi tó bá dé ni àwọn ènìyàn ti ń fún un ní iṣẹ́ tuntun. Àwọn Nupe ní Bida ń rì í mọ́ ara ògiri ilé fún ẹwà. Àwọn Ìgbò ní agbègbè Owerri rì í mọ́ ilé Mbari tí wọ́n kọ́ fún òrìṣà. Ní etíkun Swahili, àwo Ṣáínà wà lára òpó ibojì Kunduchi ní Tanzania.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ṣe ohun tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé, inú igbá àti ìkòkò amọ̀ ni ohun ìjọsìn òrìṣà ń wà. Ní Kúbà, bí àkókò ti ń lọ, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Lukumí gbé e sínú àwo ọbẹ̀ onídèérí tí a fi tánganran ṣe: funfun fún Ọbàtálá, aláwọ̀ búlúù fún Yemọja, aláwọ̀ pupa rúsúrúsú fún Ọ̀ṣun. Ohun tí olówó ilẹ̀ Yúróòpù ń fi gbé ọbẹ̀ wá sórí tábìlì di ilé òrìṣà. Láti Havana, àṣà náà bá àwọn ẹlẹ́sìn lọ sí Miami àti New York.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901 mú kí ẹrù etíkun tètè wọ ìgbèríko. Láti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ni àwọn oníṣòwò ń rẹrù lọ sí Èrúwà, Ìgbò-Ọrà, Ìgàngàn àti àwọn ìlú tó kù ní Ìbàràpá. Ní àwọn ọdún 1930, ọjà Japan olówó pọ́ọ́kú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé òṣùwọ̀n lé aṣọ Japan tó lè wọ àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní 1934, kí ọjà aṣọ Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì má baà run.

Lẹ́yìn òmìnira ni ọjà Japan wá kún ilé: rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, àti àwo. Àwọn tó lówó ń rajà ní ilé ìtajà Kingsway ní Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn tó kù ń ra tiwọn ní ọjà Ìdúmọ̀tà àti Balógun ní Èkó, àti Gbági ní Ìbàdàn. Owó epo rọ̀bì àti ẹ̀kúnwó Udoji ní àárín àwọn ọdún 1970 fún òṣìṣẹ́ ìjọba lágbára láti ra ohun tí bàbá wọn kò lè rà. Àwọn aláàjì àti alhaja tún ń di àwo mọ́ ẹrù wọn bọ̀ láti Mẹ́kà àti Jẹ́dà, níbi tí ọjà Japan pọ̀ sí. Òfin ìfọwọ́-mówó ti 1982 àti ètò àtúntò ọrọ̀-ajé SAP ti 1986, tó bi iye náírà wó, dẹ́kun ìrajà yẹn. Àwo tuntun tó wá gbòde lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti Ṣáínà, ti Japan sì ń wọlé nínú ẹrù tòkunbọ̀, láti inú ilé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí kò lò ó mọ́.

Àwo nínú ilé Ìbàràpá

Ìlú méje ni Ìbàràpá: Ìgàngàn, Èrúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Ìgbò-Ọrà àti Lanlátẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ wọn. Ẹ̀gúsí, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti láfún ń ti ibẹ̀ lọ sí ọjà ńlá. Bí ìkórè bá dára, apá kan owó obìnrin máa ń lọ sórí ohun èlò ilé, nítorí pé ohun èlò ilé jẹ́ ohun ìní obìnrin fúnra rẹ̀. Nígbà kan rí, igbá fínfín àti ìkòkò ló pọ̀ nínú ẹrù ìyàwó. Abọ́ páànù tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń tò gègèrè lórí ara wọn. Tánganran ni ó dé kẹ́yìn, kò sì pọ̀ bí abọ́ páànù rí, nítorí pé ó wọ́n, ó sì ń fọ́.

Ìdí nìyẹn tí ó fi di àwo àlejò. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nínú pálọ̀ ni ibùgbé rẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ, ìgbéyàwó, ọdún iléyá, Kérésì tàbí ìgbà tí àna bá dé ni wọ́n ń gbé e jáde, ìyá ilé fúnra rẹ̀ ló sì sábà ń fọ̀ ọ́. Ọmọdé kì í fọwọ́ kàn án.

Oúnjẹ ilé ló ń sọ irú àwo tó máa pẹ́ láyé. Àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ilasa kò bá pléètì pẹrẹsẹ mu; abọ́ tó jinnú ló gbà wọ́n. Nítorí náà pléètì pẹrẹsẹ, tó wà fún ìrẹsì ọjọ́ ọdún, kì í rí iṣẹ́ púpọ̀, ó sì lè wà pẹ́ láìkán. Àwo onídèérí tún ní àyè pàtàkì, nítorí pé obìnrin Yorùbá kì í gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ tàbí àlejò ní ṣíṣí sílẹ̀. Òun ni wọ́n sì ń lò jù, ìdérí rẹ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ fọ́. Ẹni tó bá rí àwo onídèérí Japan tí ìdérí rẹ̀ pé ti rí ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Kíka ẹ̀yìn àwo

Ẹ̀yìn ni ìwé àwo wà. Òǹtẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ń sọ ilẹ̀, ilé iṣẹ́ àti ìgbà. Òfin owó ibodè McKinley tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1891, pa á láṣẹ kí ọjà òkèèrè gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Àwo tó ṣáájú ìyẹn lè ní lẹ́tà Japan nìkan tàbí kí ó má ní òǹtẹ̀ rárá. Láti 1891 sí 1921, «Nippon» ni wọ́n ń kọ. Ní 1921 àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kò gba Nippon mọ́, wọ́n ní kí wọ́n kọ «Japan». Láti ìgbà náà ni «Japan» àti «Made in Japan» ti gbòde. Láàárín 1947 sí 1952, ọ̀pọ̀ ọjà gbé «Occupied Japan» tàbí «Made in Occupied Japan», èyí tó ń tọ́ka sí àkóso Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo àwo àkókò yẹn ló ní i, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkójọ kan fi ń wá a kiri.

Ní ti Noritake, lẹ́tà M nínú òdòdó róbótó dúró fún Morimura. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ohun èlò kò tó láti ṣe àwo tó dé òṣùwọ̀n wọn, wọ́n yọ orúkọ Noritake kúrò fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ta àwo lábẹ́ orúkọ «Rose China». Ìwà ọmọlúàbí ni èyí nínú òwò: wọn kò jẹ́ kí orúkọ rere bo iṣẹ́ tí kò tó. Ní 1953, lẹ́tà N rọ́pò M. Ní 1981, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yí orúkọ padà sí Noritake. Àwo tó bá ní Noritake tí ó sì ní Sri Lanka tàbí Philippines lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Japan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dára.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra fún níbi òǹtẹ̀. Èkíní, òfin Amẹ́ríkà ló bí àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, àwo tí wọ́n kó gba ọ̀nà mìíràn dé Áfíríkà kò ní dandan láti tẹ̀ lé e. Bébà kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ òmíràn, omi sì ti fọ̀ ọ́ nù. Èkejì, òǹtẹ̀ Nippon ayédèrú wà lórí àwo tuntun tí wọ́n ń ṣe láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, àwòrán ará Éṣíà tàbí òdòdó kò sọ àwo di ti Japan; àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Ṣáínà náà ń ya irú rẹ̀.

Àwọn ìran tí olùkójọ ń wá

Azalea ni ó gbajúmọ̀ jù lára àwọn àwòrán Noritake àtijọ́ ní Amẹ́ríkà. Òdòdó aláwọ̀ osùn ló wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ Larkin ní Buffalo ń fi í ta àwọn oníbàárà lọ́rẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nítorí náà ẹni tó ń ra ọṣẹ ń kó sẹ́ẹ̀tì jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwo aláwọ̀ búlúù àti funfun tí wọ́n ń pè ní Phoenix Bird, àti Blue Willow tí Japan wò ṣe lára àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún pọ̀ lọ́wọ́ olùkójọ. Iṣẹ́ Noritake ti àwọn ọdún 1920, tí wọ́n fi ilà àti àwọ̀ líle ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wà ní ipò gíga. Àwo tí Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé ọmọ Amẹ́ríkà, yàwòrán rẹ̀ fún Imperial Hotel ní Tokyo, tí Noritake ṣe, ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ife tíì onídírágọ́nì, tí dírágọ́nì rẹ̀ yọ gọngọ lára, wà nínú ìran mìíràn. Òmíràn nínú wọn ní ojú obìnrin kan ní ìsàlẹ̀, tí ó ń hàn nígbà tí a bá gbé ife náà síwájú ìmọ́lẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ amọ̀ ibẹ̀ nípọn-nípọn àti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti yàwòrán náà. Sẹ́ẹ̀tì ọdún 1950 sí 1970, funfun tí etí rẹ̀ ní wúrà tàbí fàdákà, ni ó pọ̀ jù lọ; sẹ́ẹ̀tì ènìyàn 12 lè ní àwo tó lé ní 90. Irú èyí ni ó ṣeé ṣe jù kí a rí nínú ilé ní Nàìjíríà.

Yíyẹ ara àwo wò

Ojú àti ọwọ́ ni irin iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí a fi ìka yí etí àwo ká: ibi tó bá kán á gé ìka. Kí a ta á létí: èyí tó ti sán kì í dún gooro, ohùn rẹ̀ á kú. Kí a gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀: ìlà tí ojú kò rí lórí tábìlì á hàn. Ìlà wẹ́wẹ́ tó bá kún ojú dídán rẹ̀ fi hàn pé ara dídán náà ti já. Ọbẹ̀ á máa wọ ibẹ̀, á sì dá àbààwọ́n sílẹ̀. Wúrà etí tó ti pa rẹ́ ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti fọ̀ ọ́. Àpá ọ̀bẹ lójú pléètì ń sọ pé wọ́n jẹun nínú rẹ̀ dáadáa.

Ní Japan, àwọn oníṣẹ́ kan ń fi oje igi àti lẹ́búlẹ́bú wúrà so àwo tó fọ́, kí ojú ibi tó fọ́ hàn kí ó sì lẹ́wà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń fi okùn rán igbá tó sán, wọ́n sì tún ń lò ó. Àṣà méjèèjì gbà pé ohun tó bàjẹ́ lè padà wúlò. Ẹni tí ń tún àwo ṣe fún títà gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà. Àtúnṣe tí a fi pamọ́ jẹ́ ìrẹ́jẹ.

Iye àti ọjà

Ohun márùn-ún ló ń pinnu iye àwo: ìgbà, ilé iṣẹ́, ọwọ́ tó kùn ún, bó ṣe pé tó, àti iye ènìyàn tó ń wá a. Ọjọ́ orí nìkan kò tó. Àwo 1910 tó sán lè má tó àwo 1925 tó dán gbinrin. Ìmọ̀ nípa ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀ ní 1979 nígbà tí Joan Van Patten ṣe ìwé ńlá nípa àwo Nippon. Láti inú ìwé náà ni ẹni tó ní àwo ti lè mọ irú èyí tó ní. Ní 1981, Replacements, Ltd. bẹ̀rẹ̀ ní Greensboro ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni títa ẹyọ àwo fún ẹni tí tirẹ̀ fọ́ nínú sẹ́ẹ̀tì.

Lónìí, sẹ́ẹ̀tì ìjẹun ti ọdún 1950 sí 1970 kò níye lórí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ kò fẹ́ àwo tí kò ṣeé fi ẹ̀rọ fọ̀, ilé wọn sì kéré. Ìdí nìyí tí àwo wọ̀nyí fi ń bọ́ sínú ẹrù tòkunbọ̀. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àkójọ ní Nàìjíríà: nínú òkìtì àwo tòkunbọ̀, ẹni tó mọ ẹ̀yìn àwo kà lè fi owó kékeré ra ohun tó dára. Ẹni tó ń fi ojú èrè nìkan wò ó máa ń já kulẹ̀. Àkójọ tánganran kì í ṣe owó ìfowópamọ́.

Ìtọ́jú àti ewu

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ṣẹ́lẹ́ṣẹ́lẹ́ àti aṣọ rírọ̀ ni àwo àtijọ́ fẹ́. Yanrìn, eérú àti kànìnkànìn líle ń pa wúrà rẹ̀ rẹ́. Kí a má ṣe da omi híhó sínú àwo tó tutù, kí ó má baà sán. Kí a má ṣe fi ife kọ́ sórí ìṣó ní ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá ń to pléètì lórí ara wọn, kí bébà tàbí aṣọ wà láàárín wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wó, kí ó sì fọ́ gbogbo àwo inú rẹ̀; ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní ilẹ̀ tí ikán pọ̀ sí bíi Ìbàràpá.

Ewu tó wà fún ara ènìyàn kò ṣeé fojú fò. Òjé àti cadmium wà nínú ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́, pàápàá ọ̀dà tó wà lórí ojú dídán, tí ìka lè mọ̀. Oúnjẹ kíkan ń fà á jáde: ògì, omi ọsàn, ọbẹ̀ tòmátì tó bá pẹ́ nínú àwo. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó sì ń ṣe aboyún ní jàǹbá. Àwo àtijọ́ tí àwòrán rẹ̀ kún ojú ibi ìjẹun, tàbí tí ara dídán rẹ̀ ti já, wà fún wíwò. Èyí tí òdòdó rẹ̀ wà létí nìkan lè gba oúnjẹ gbígbẹ lójọ́ ọdún. Àwo olójú wúrà kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ máíkírówéèfù, nítorí pé wúrà náà á ta iná.

Ohun tí àwọn olùkójọ ń bá ara wọn jiyàn lé

Àwọn kan ní sẹ́ẹ̀tì pípé nìkan ni àkójọ. Àwọn mìíràn ní ẹyọ kan tó dára tó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ogún pínpín ti dá ẹjọ́ yìí. Bí ìyá bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a pín ohun ìní rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì ènìyàn 12 a sì di pléètì mẹ́ta ní Èkó, mẹ́rin ní Ìbàdàn, ìyókù ní Ìgàngàn. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, nítorí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó burú ni kí wọ́n pín in láì kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ìdílé má sì mọ̀ mọ́ pé ohun kan ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Àríyànjiyàn kejì ni bóyá kí a lò ó tàbí kí a tì í pa. Àwo tí kò léwu, tí ó sì pọ̀, dára ní lílò lọ́jọ́ ayẹyẹ, nítorí pé orí tábìlì ni ó ti ń gba ìtàn mọ́ra. Èyí tó ṣọ̀wọ́n kí ó dúró sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àríyànjiyàn kẹta ló wúwo jù: ta ni ìtàn àwo jẹ́ ti rẹ̀? Àwọn ìwé tó wà sọ ìtàn Nagoya àti New York. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Noritake wà ní Nagoya, ti Kyushu sì wà ní Arita, wọ́n sì ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn tó mọ àwo. Àwọn tó rà á ní Áfíríkà kò sí nínú ìtàn yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí ẹni tó ń rà, kò sí òwò òkèèrè. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn àwo ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó ta ẹ̀gúsí rà á, ọdún tó rà á, ọjà tó ti rà á àti ìgbéyàwó tí wọ́n kọ́kọ́ fi bu oúnjẹ kò sí lẹ́yìn àwo. Orí àwọn ìyá ni ó wà, àwọn ìyá náà sì ń dàgbà.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó yẹ kí olùkójọ ní ilẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ ṣe kò gba owó. Kí ó mú ìwé àti fóònù tọ ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ lọ. Kí wọ́n jọ gbé àwo sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ya ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì kọ ẹni tó rà á, ibi tó ti rà á, nǹkan tó rà á fún àti ohun tó ti fọ́ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ Ìgàngàn, Èrúwà àti Ìgbò-Ọrà bá ṣe èyí nínú ilé tiwọn, Ìbàràpá yóò ní ìwé àwo tirẹ̀, tí kò sí ní Nagoya. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí a tó tún pín ogún mìíràn.